Àtàǹpàkò Tí Ó Ń Rù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́ ọwọ́ yín, kí ẹ wo ibi tí ẹran ti wú ní ìdí àtàǹpàkò. Ẹran yìí ni ó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò kọjú sí àwọn ìka yòókù, kí ó sì di nǹkan mú. Abẹ́ rẹ̀ ni oríkèé kan wà tí ó rí bí gàárì ẹṣin.

Ará Ọ̀yọ́ mọ gàárì dáadáa, nítorí ẹṣin ni agbára ogun wọn láyé àtijọ́. Ọ̀yọ́ tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1838 lókìkí fún iṣẹ́ awọ àti igbá fífín. Ẹni tí ó bá ń fín igbá, àtàǹpàkò ni ó fi ń fún ọ̀bẹ. Ní 1977, Cooney àti Chao ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé bí a bá fi orí àtàǹpàkò fún nǹkan ní agbára kílò 1, ohun tí ó ń tẹ oríkèé ìdí rẹ̀ tó kílò 12.

Bí kerekere ojú eegun bá jẹ tán, làkúrègbé dé nìyẹn. Nítorí ìrora, a kì í fẹ́ lo ọwọ́ náà mọ́. Ẹran tí a kò lò a sì máa rù. Èyí tí ó ń fa àtàǹpàkò wọ àtẹ́lẹwọ́ a máa le, ọwọ́ kò sì ní lè là dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ní 1907, tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi sì dá ìletò sílẹ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú a máa mú ẹran ìdí àtàǹpàkò rù. Ewu ibẹ̀ ni pé a lè pe làkúrègbé ní ẹ̀tẹ̀, kí a sì máa sá fún ẹni ẹlẹ́ni.

Ọwọ́ tí làkúrègbé mú ń dunni, ṣùgbọ́n ó mọ iná, ó mọ omi tútù. Ọwọ́ tí ẹ̀tẹ̀ bá bà jẹ́ a máa kú tipiri. Iná lè jó o kí ó má mọ̀. Síbẹ̀, àrùn mìíràn náà lè mú ọwọ́ kú bẹ́ẹ̀, nítorí náà dókítà ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀tẹ̀ pàápàá kì í ṣe èpè: Hansen rí kòkòrò rẹ̀ ní 1873, àpapọ̀ oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní 1982 sì ń wò ó sàn.

Ní ti làkúrègbé, Gervis kọ̀wé ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1949 nípa iṣẹ́ abẹ tí a fi ń yọ eegun kékeré kan ní ìdí àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò abẹ. Ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ nípọn, ohun tí a fi ń di àtàǹpàkò kí ó lè sinmi, àti eré ìdárayá tí a fi ń fún ẹran rẹ̀ lókun, a máa ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá rí i pé àtàǹpàkò ìyá àgbà ń rù, ẹ má ṣe ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.