Ọjọ́rú Kan ní Anié: Láti IM002 Dé Ìwé Owó Àkọ́kọ́

Aago 7:10 àárọ̀. Ọ́fíìsì kan tó ń ra àgbàdo àti sóyà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Anié ti ṣí ilẹ̀kùn. Láptọ́ọ̀pù akọ̀wé ti kú ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Tuntun tí wọ́n rà wá láti Lomé ló wà lórí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe ti da fáìlì Access àtijọ́ sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tó kù ni kí akọ̀wé ṣí i, kí orúkọ àgbẹ̀ àti ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ jáde, kí wọ́n tẹ ìwé owó fún un.

Aago 7:40. Orúkọ kankan ò jáde. Ohun tó yọ lójú ẹ̀rọ ni IM002, ọ̀rọ̀ Faransé sì tẹ̀ lé e: *Source de données introuvable et nom de pilote non spécifié*. Níta, àwọn tó ti wọn sóyà wọn lánàá ti wà lórí bẹ́ǹṣì, ìwé ìwọ̀n ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Akọ̀wé tún un ṣí, ìkìlọ̀ yẹn náà ló tún yọ. Ó gbà pé gbogbo orúkọ ti parẹ́.

Èrò yìí ló máa ń da ọ́fíìsì rú ju àṣìṣe fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ òun ti parẹ́ lè pa á rẹ́ lóòótọ́ níbi tó ti ń wá a kiri. Bẹ́ẹ̀ orúkọ àwọn àgbẹ̀ ò tilẹ̀ sí nínú láptọ́ọ̀pù yẹn. Inú sáfà MySQL kan ní yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Access kàn ń lọ bá wọn níbẹ̀ ni.

Aago 8:20. Akọ̀wé pè mí ní Atakpamé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ àwọn èèyàn ti lọ.”

“Wọn ò lọ. Ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀ fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.”

“Àwọn kan ní ká yọ Office kúrò, ká tún un gbé sórí ẹ̀rọ.”

“Ẹ má yọ nǹkan kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó gbéra.”

Aago 10:00. Atakpamé sí Anié ò jìnnà lójú títì N1. Kí n tó fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù, ọ̀dọ̀ oníṣirò ni mo kọ́kọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, àmọ́ ó ṣí dátábéèsì náà wẹ́rẹ́, orúkọ pé, ìwọ̀n pé. Mo ní kí ọ̀gá wá fojú ara rẹ̀ rí i, kó sì jáde lọ sọ fún àwọn tó wà níta. Ó sọ fún wọn. Ó tún ní kí oníṣirò fọwọ́ kọ ìwé fún àwọn tí abúlé wọn jìn, kí wọ́n máa gba owó wọn lọ. Lójú tèmi, ohun tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Aago 10:30. Ìdààmú wà lórí dráífà. Access ò gbọ́ èdè MySQL, MySQL ò sì gbọ́ ti Access. Dráífà ODBC ni ògbifọ̀ tó jókòó sáàárín wọn. Láti 1992 ni Microsoft ti gbé ODBC jáde, kí ètò ọ́fíìsì kan lè bá oríṣiríṣi dátábéèsì sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a tún ètò náà kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. IM002 ń sọ pé Windows wá orúkọ àsopọ̀ (DSN) tí Access pè, kò rí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa fárí gá. “Bọ̀dá, mo ṣe é lánàá. Ẹ wò ó, òun nìyí.” Òótọ́ ló sọ. Ó ṣí ojú ìwé ODBC, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àsopọ̀ sílẹ̀, orúkọ náà sì wà níbẹ̀ gbagidi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Ojú ìwé ODBC méjì ló wà nínú Windows 64 bit, orúkọ fáìlì kan náà, odbcad32.exe, ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ́. Èyí tó wà nínú fódà System32 jẹ́ ti ètò 64 bit. Èyí tó wà nínú SysWOW64 jẹ́ ti ètò 32 bit. Ẹni tó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà ara fódà yóò gba ibi òdì lọ. Ti 32 ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí, ó sì fi orúkọ sí abẹ́ System DSN. Ohun tó bá sì wà lábẹ́ System DSN ní apá 32, ètò 64 bit ò lè rí i.

Aago 11:05. A gbé orúkọ náà lọ sábẹ́ User DSN, torí ìyẹn hàn sí apá méjèèjì. Ìkìlọ̀ yí padà di IM014: dráífà àti ètò kì í ṣe irú kan náà. Inú mi dùn. Akọ̀wé wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, mo wá ṣàlàyé fún un pé bí ìkìlọ̀ bá yí padà, a ti kúrò níbi tí a wà tẹ́lẹ̀.

Nínú Access, a lọ sí Fichier, Compte, À propos. 64 bit ló kọ síbẹ̀. Office àtijọ́ máa ń gbé ẹ̀yà 32 sórí ẹ̀rọ bí èèyàn ò bá yàn, kódà lórí Windows 64 bit. Láti Office 2019 ni 64 ti di èyí tó ń gbé síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Dráífà inú fúláàṣì ọ̀dọ́mọkùnrin, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà láptọ́ọ̀pù àtijọ́, 32 ni.

Aago 11:40. A ń gba dráífà MySQL tuntun sílẹ̀ láti orí fóònù mi, ó ń falẹ̀. Akọ̀wé béèrè bóyá Windows ló fà á. Ìbéèrè gidi ni, torí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 2017, àtúnṣe ààbò tí Microsoft gbé jáde fún Windows 7, 8.1 àti 10 sọ àwọn ètò tó ń fi Jet, dráífà Microsoft àtijọ́, ṣí fáìlì Excel .xls di aláìlè-ṣiṣẹ́. *Unexpected error from external database driver (1)* ni wọ́n ń rí. Microsoft gbà pé àtúnṣe náà ló fà á, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn máa lo ACE, dráífà tó tẹ̀ lé Jet, dípò rẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Èmi a máa béèrè ohun tó yí padà láàárín ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó dáwọ́ dúró. Ní Anié, láptọ́ọ̀pù ló yí padà.

Aago 1:15 ọ̀sán. Dráífà ti dé, kò gbà láti wọlé: ó ní àfi kí Visual C++ Redistributable wà nílẹ̀ ná. A tún gba ìyẹn sílẹ̀. A jẹun.

Aago 2:25. Ó wọlé. A ṣí ojú ìwé ODBC ti 64 bit, a kọ àdírẹ́sì sáfà, pọ́ọ̀tù 3306, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, a tẹ Test. Nọ́ńbà mìíràn yọ, 1130: sáfà ò gba àdírẹ́sì ẹ̀rọ yìí láàyè. Ọ̀dọ́mọkùnrin mí kanlẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó sọ̀rọ̀. Windows ló sọ IM002 àti IM014. MySQL fúnra rẹ̀ ló sọ 1130 láti yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀nà ti là.

Àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ àti ti kọ̀ǹpútà oníṣirò nìkan ni wọ́n kọ sínú sáfà nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ní ká fi àmì % sí i, kí ẹ̀rọ gbogbo lè wọlé. Mi ò gbà. Owó àwọn àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀. A fún láptọ́ọ̀pù tuntun ní àdírẹ́sì tí kò ní í yí padà, a fún òun náà ní àṣẹ, a sì fagi lé ti èyí tó ti kú.

Aago 3:10. Test gbà. A tún àwọn tábìlì so pọ̀ nínú Access.

Aago 3:25. Ìwé owó àkọ́kọ́ jáde, ti bàbá kan tó ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀. Ó fi í wé ìwé ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó dọ́gba.

Aago 5:00 ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì: Access 64, dráífà 64, àdírẹ́sì sáfà, orúkọ àsopọ̀. Mo ní kó kọ ti oníṣirò sábẹ́ rẹ̀, torí 32 ni tiẹ̀ ṣì jẹ́, ẹ̀rọ yẹn náà sì ti fẹ́ kú.