Níbo Ni Replay Wà?

Ọmọ wa ò tíì pé ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ mú un lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Lekan Salami, ní Adámásìngbà, n'Ìbàdàn. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ìyá méjì ni wá. Ọ̀kan nínú wa ló bí ọmọbìnrin náà, àmọ́ àwa méjèèjì la jọ ń tọ́ ọ. Software là ń kọ jẹun, ojú screen ló kún ilé wa, ibẹ̀ lọmọ náà sì ti mọ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Shooting Stars wá gbá góòlù wọlé, tí gbogbo èèyàn fò dìde, tí ìlù àti fèrè gba ibẹ̀ kan, ẹ̀yìn ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló rí. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Níbo ni replay wà?"

A ní kò sí. Ó ní ká ṣe sùúrù, pé ó ń bọ̀.

Ká má purọ́, a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá la rí i pé ìbéèrè tiwa náà ni. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ẹgbẹ́ yìí, ẹnu bàbá wa la ti gbọ́ ọ, kò sì síbi tí a ti lè tún un wò.

Bàbá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá tiẹ̀ kọ́kọ́ mú un wọ Liberty Stadium ní Òkè-Àdó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ pápá yẹn, ọdún 1960 tí a gba òmìnira ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Láti ọdún 2010, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́kadà èyíkéyìí n'Ìbàdàn, Liberty ló mọ̀. Ohun tí bàbá wa kọ́kọ́ wò níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ṣẹ́ ni. Ní 10 August 1963, Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà nítorí bẹ́líìtì àgbáyé, Fullmer ò sì lè jáde fún ráúndì kẹjọ. Wọn ò tíì ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfíríkà rí. Ẹ bi bàbá wa léèrè ohun tó rántí: òórùn sìgá, àti bí ọrùn bàbá rẹ̀ ṣe ń làágùn, torí orí èjìká ló wà kó tó lè ríran.

Bọ́ọ̀lù ló padà wá mú un. Àjọ ìjọba kan ló ni Shooting Stars nígbà yẹn, IICC lorúkọ àjọ náà, òun ni wọ́n ń fi síwájú orúkọ ẹgbẹ́. Ní 1976, IICC Shooting Stars na Tonnerre ti Yaoundé, àròpọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì jẹ́ 4-2, wọ́n sì gba Cup Winners' Cup ti Áfíríkà. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan ò tíì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 22 March 1980, Nàìjíríà na Algeria 3-0 ní Sùúrùlérè, àwa náà wá di ọ̀gá Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Lawal gbá ìkẹta. Ọmọ Shooting làwọn méjèèjì. Bàbá wa ò lè sọ̀rọ̀ dé ibí yìí kó má dìde dúró.

Ibi tó máa ń jókòó sí padà ni 1984, nígbà tí Shooting bá Zamalek ti Íjíbítì pàdé nínú final àwọn àgbà ẹgbẹ́ Áfíríkà. Wọ́n nà wá ní Cairo, wọ́n tún wá nà wá ní Èkó.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba Rashidi Yekini díẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ replay yìí dùn wá. Gbogbo ayé ló mọ góòlù tó gbá sáwọ̀n Bulgaria ní 21 June 1994, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá ní World Cup, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n tó ń ké. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí YouTube, kẹ́ẹ wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ Yekini yìí kan náà ti wọ aṣọ Shooting láàárín 1982 sí 1984, kó tó lọ sí Abiola Babes. A wá góòlù tó gbá fún Shooting lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí, a ò rí ẹyọ kan. Bàbá wa ní ọ̀kan wà tí gólì ò tilẹ̀ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ẹnu bàbá wa ni server tó wà, kò sì ní backup.

Kí ló wá dé tí bàbá wa ò gbé àwa náà sí èjìká? Ní 12 August 1989, Nàìjíríà ń bá Angola gbá ní Sùúrùlérè, eré tí yóò mú wa dé World Cup ọdún 1990. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, agbẹjọ́rò, ṣubú lórí pápá, kò sì dìde mọ́. Èrò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ náà, àwọn òǹwòran kan náà kú. Ọ̀kan nínú wa ṣì ń rákò nígbà yẹn, èkejì ò tíì dé ayé, màmá wa sì sọ fún bàbá wa pé ọmọ tí òun bí ò ní wọ stadium. Ó ń lọ lóun nìkan. A ò bá màmá wa jà lórí ẹ̀: ní 9 May 2001, wọ́n yin tajútajú sáàárín èrò ní pápá ìṣeré Accra, ilẹ̀kùn wà ní títì, èèyàn 126 ló kú.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọmọ tẹlifíṣọ̀n. MultiChoice dé Nàìjíríà ní 1993, Kanu wọ Arsenal ní 1999, viewing centre sì wá wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. A mọ bẹ́ǹṣì Arsenal lórí, a ò mọ gólì tó ń ṣọ́lé fún Shooting. Ẹ̀ẹ̀kan péré la bá bàbá wa jẹ nínú ìyà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìparí ọdún 1996 ni, Zamalek kan náà tún ni: Shooting gba 2-1 nílé, wọ́n na Shooting 2-1 ní Cairo, ó di penalty, Zamalek gbà á 5-4. Ẹ̀gbẹ́ rédíò la wà. Bàbá wa pa rédíò, ó lọ sùn, ẹ̀bà rẹ̀ tutù sórí tábìlì.

Torí náà, ọjọ́ tí ọmọ wa kọ́kọ́ wọ stadium, ọjọ́ tí àwa náà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni. A ti lé ní ọgbọ̀n ọdún! Kí a tó wá ìjókòó, a kọ́kọ́ yí ká, a ka géètì, a wo èyí tó ṣí. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àbájáde, níbi tí a ò ti fi bẹ́ẹ̀ ríran. Nígbà tí góòlù yẹn wọlé, tí èrò rọ́ síwájú, ọ̀kan nínú wa ti gbé ọmọ, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá arúgbó kan tó wọ jẹ́sì tó ti ṣá ní, "Màmá, má sunkún mọ́, tiwa ni," ó sì bu ẹ̀pà fún un. Ìgbà tó jẹ ẹ̀pà tán ló béèrè replay.

Bàbá wa ò lè tẹ̀lé wa, orúnkún rẹ̀ ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Bí a ṣe wọlé, ọmọ náà ló kọ́kọ́ pè. "Ìyá mi, ta ló gbá a wọlé? Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí òsì?"

Ọmọ wò wá. A ò sọ nǹkan kan. Ló bá bọ́ sí àárín pálọ̀, ó ní ọkùnrin náà ga bí ilé, ó ní ó sáré kọjá gbogbo wọn, ó wá fi ẹsẹ̀ òsì gbá tìmùtìmù mọ́ ògiri. Orí ni wọ́n fi kan góòlù yẹn sáwọ̀n.

Bàbá wa dijú, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń gbọ́ rédíò. Ó ní, "Tún un sọ."