Ẹ̀kọ́ Tí Àgbẹ̀ Kékeré Tó Ń Gbin Irúgbìn Elépo Nílò ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Irúgbìn elépo ni àwọn ohun ọ̀gbìn tí à ń torí epo inú èso tàbí kóró wọn gbìn. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀pẹ ni olórí wọn. Ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, ẹ̀wà sóyà àti yànmọ̀tí tẹ̀lé e. Àwọn tó ń gbìn wọ́n ní Òdèdà, Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ewékorò àti agbègbè Abẹ́òkúta sábà máa ń ní oko kékeré, tí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà láàárín rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìṣòro àgbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ lè yanjú. Ọ̀nà oko tó bàjẹ́ àti àìrówó yá kì í ṣe àìmọ̀. Láti mọ èyí tí ẹ̀kọ́ lè yanjú, ìlànà kan wà tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ Gary Borich gbé jáde ní 1980 fún ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wá ń lò: a ó bi ènìyàn bí iṣẹ́ kan ti ṣe kókó tó, a ó sì bi í bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ibi tí àlàfo àárín méjèèjì bá ti fẹ̀ jù ni ẹ̀kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àlàfo bẹ́ẹ̀ wà nídìí ọ̀pẹ. Láyé àtijọ́, epo àti èkùrọ́ wà lára ohun tí Ẹ̀gbá ń kó lọ sí etí òkun, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tó lalẹ̀ hù ni wọ́n ń kọ. Tenera, irú ọ̀pẹ tí ilé ìwádìí ọ̀pẹ NIFOR nítòsí Benin ń pèsè irúgbìn rẹ̀, ń fẹ́ ìmọ̀ mìíràn. Ọmọ irú ọ̀pẹ méjì, Dura àti Pisifera, ni. Bí àgbẹ̀ bá ṣa ẹyìn abẹ́ Tenera gbìn, tó sì jẹ́ pé Tenera ló fún un lóyún, nǹkan bí ìdajì péré ni yóò jẹ́ Tenera. Ìdámẹ́rin yóò jẹ́ Dura tí ẹran ara ẹyìn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdámẹ́rin yóò sì jẹ́ Pisifera tí kì í sábà so. Ó tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọ̀pẹ tó so, kí àgbẹ̀ tó rí àdánù rẹ̀. Mítà 9 ló yẹ kí ó wà láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì ní onígun mẹ́ta, nǹkan bí 143 lórí hẹ́kítà kan.

Lẹ́yìn ìkórè náà ni àìmọ̀ ti ń jẹ owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìdì ẹyìn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè rọrùn láti já. Ẹyìn tó ti bó tàbí tó ti fọ́ a máa kan, epo rẹ̀ a sì pàdánù iye lórí ọjà. Kí wọ́n tètè sè é ni àtúnṣe rẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nídìí epo, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ni oko ni wọ́n sábà ń pè sí ìpàdé ẹ̀kọ́. Àṣìṣe ńlá nìyí, nítorí ọwọ́ àwọn obìnrin yìí ni epo ti ń dára tàbí bàjẹ́.

Àwọn irúgbìn elépo yòókù náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Kóró ẹ̀wà sóyà kì í pẹ́ kú nínú ooru àti ọ̀rinrin, nítorí náà ó yẹ kí àgbẹ̀ dán díẹ̀ wò bóyá yóò hù kí ó tó gbìn ín. Kóró yànmọ̀tí kéré débi pé wọ́n ń pò ó mọ́ yanrìn fi gbìn. Bí wọ́n bá sì pẹ́ jù kí wọ́n tó gé e, èèpo èso rẹ̀ yóò là, kóró yóò dà nù. Ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa lè ní aflatoxin, oró ebu tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ FUNAAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988, ní ẹ̀ka AMREC tó ń gbé ìwádìí tọ àgbẹ̀ lọ. Ìwádìí ibẹ̀ kan yànmọ̀tí àti sóyà pẹ̀lú. OGADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí abúlé. Àkókò ni ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ń fojú fò. Ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn gbọ́dọ̀ ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, ti ẹ̀pà gbọ́dọ̀ ṣáájú ìhú rẹ̀, ti epo sì gbọ́dọ̀ wáyé níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo gan-an nígbà tí ẹyìn bá pọ̀, kí àwọn obìnrin lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe é.