Bí Ọkùnrin Ṣe Kọ́ Láti Fá Irùngbọ̀n Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ abẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kò sí ẹni tí kò mọ abẹ nínú wa. Abẹ ni a fi ń fá orí ọmọ. Abẹ ni a fi ń fá orí ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ọkùnrin ṣe kọ́ láti fi abẹ fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ó lọ bá ẹlòmíràn? Ìtàn náà dùn, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi irùngbọ̀n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fá a, a lọ bá onígbàjámọ̀. A jókòó, a gbé àgbọ̀n sókè, a fi ọ̀fun lé onígbàjámọ̀ lọ́wọ́. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù àtijọ́, sọ pé láti erékùṣù Sicily ni àwọn onígbàjámọ̀ ti wá sí Ítálì, ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù.

Ní ilẹ̀ Faransé, onígbàjámọ̀ kì í fá irun nìkan láyé àtijọ́. A máa la eéwo, a sì máa tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára aláìsàn. Ambroise Paré, tí ó di oníṣẹ́ abẹ fún ọba Faransé mẹ́rin, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Èyí kò gbọdọ̀ yà wá lẹ́nu. Ṣé àwa náà kì í pe iṣẹ́ dókítà tí ó ń la ara ní iṣẹ́ abẹ? Ní ọdún 1743 ni ọba Louis XV ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní àkókò ọba yìí kan náà, ọkùnrin kan wà ní Paris tí ń jẹ́ Jean-Jacques Perret. Ọ̀bẹ àti abẹ ni ó ń rọ. Ní ọdún 1769, ó tẹ ìwé kan jáde. Ìwé náà ń kọ́ ọkùnrin bí yóò ṣe fá irùngbọ̀n ara rẹ̀. Ó sọ bí a ṣe ń mọ òkúta tí ó dára fún pípọ́n irin. Ó sọ bí a ṣe ń tọ́jú awọ tí a fi ń nu ẹnu abẹ. Ó sì sọ bí a ṣe ń rọ abẹ tí ó dára. Ẹ kíyè sí i. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ojú wò fún ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, Perret kó o sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé lè rí i kà.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í di abẹ mú. Ọwọ́ ni ó ń dì í mú. Abẹ ìgbà náà gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ sì mú gan-an. Bí a bá lò ó tán, a ó pa á dé sínú èèkù rẹ̀. Kò sí ohun kankan láàárín ẹnu rẹ̀ àti ọ̀fun ènìyàn.

Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò sọ pé ẹni tí ó ń kọ́ ọ kò gbọdọ̀ fá gbogbo ojú rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ tẹ́jú. Kí ó fi àgbọ̀n, abẹ́ imú àti ọ̀fun sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́. Kí ó fi omi gbígbóná wẹ ojú, kí irun lè rọ̀. Kí ó fi ọṣẹ tí ó hó dáadáa kun ún. Kí ó fi ọwọ́ kejì fa awọ ojú kí ó tẹ́. Kí ó fi abẹ lélẹ̀, kí ẹ̀yìn abẹ gbé sókè díẹ̀. Kí ó tẹ̀ lé ọ̀nà tí irun gbà hù. Kí ó má tẹ abẹ mọ́ ara. Kí ó má sì fà á sí ẹ̀gbẹ́ láé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni abẹ ṣe ń gé ènìyàn.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè rò pé abẹ tí kò mú ni kò léwu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ tí kò mú ń fa irun, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Nítorí náà ni a ṣe ń nu abẹ sí awọ, ní àlọ àti àbọ̀, kí a tó fá irùngbọ̀n. Ẹ̀yìn abẹ ni ó ń ṣáájú, ẹnu a tẹ̀ lé e. Bí ẹnu bá ṣáájú, yóò gé awọ náà, abẹ pàápàá yóò sì bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni yóò kọjá kí ọwọ́ tó mọ gbogbo èyí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Perret tún ronú kan ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó wo irin tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń fá pákó. Inú igi ni irin náà wà, ìwọ̀nba ẹnu rẹ̀ ni ó yọ síta. Perret fi igi sí ara abẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí abẹ má bàa lè wọlé jìn sí ara.

Lẹ́yìn ọdún tí ó ju 100 lọ, ní ọdún 1895, ará Amẹ́ríkà kan, King Camp Gillette, ronú abẹfẹ́lẹ́ tí a ó lò, tí a ó sì jù nù bí kò bá mú mọ́. Àwọn tí ó mọ̀ nípa irin sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Kò fi í sílẹ̀. William Nickerson ni ó bá a wá ọ̀nà tí a fi lè mú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ le, kí a sì pọ́n ọn. Ní ọdún 1903, abẹ 51 péré ni wọ́n rí tà, pẹ̀lú abẹfẹ́lẹ́ 168. Ní ọdún 1904, abẹ tí wọ́n tà ju 90,000 lọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ní 1917, ó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní abẹ tí ó ju 3,000,000 lọ.

Ṣé sùúrù ti parí nìyẹn? Rárá o. Láyé Perret, ẹni tí ó ń fá irùngbọ̀n ni ó ń ní sùúrù. Láyé Gillette, sùúrù náà bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe abẹ. Ohun tí ó rọrùn lọ́wọ́ wa lónìí, ẹnìkan ti jìyà rẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀ ní 1769. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n lónìí. Abẹ tí ó kan ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan lè gbé àrùn sidá tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ lọ sára ẹlòmíràn, bí ẹ̀jẹ̀ náà kò tilẹ̀ hàn sójú. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní abẹ tirẹ̀. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ ní kí ó fi abẹfẹ́lẹ́ tuntun sí i lójú yín. Kì í ṣe àfojúdi. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ẹ̀yin sì ni olórí.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín:
1. Kí ló dé tí abẹ tí kò mú fi léwu ju èyí tí ó mú lọ?
2. Iṣẹ́ ọwọ́ wo ní abúlé yín ni a lè kọ sínú ìwé? Kí ni ìwé kò ní lè kọ́ni nínú rẹ̀?
3. Ẹni mélòó ni ó ń lo abẹ kan náà nínú ilé yín?