Iṣẹ́ abẹ olójú kékeré fún kókó inú etí

Iṣẹ́ abẹ olójú kékeré fún kókó inú etí ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gbà dé ìsàlẹ̀ etí lọ́hùn-ún láti yọ kókó kúrò láìla agbárí gbàràgàdà. Kókó tí a ń sọ níbí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn ni vestibular schwannoma, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní acoustic neuroma. Ó máa ń hù lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bo iṣan ìdúróṣinṣin, ìyẹn iṣan tí ń jẹ́ kí ènìyàn dúró kí ó má ṣubú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ka iye àwọn aláìsàn náà, nǹkan bí ẹnì kan sí méjì nínú 100,000 ni wọ́n ń bá a lára wọn lọ́dọọdún.

Ibi tí ó ń hù

Láti inú etí lọ sí ọpọlọ, ọ̀nà tóóró kan wà nínú eegun tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Iṣan ìgbọ́ràn, iṣan ìdúróṣinṣin àti iṣan tí ń darí ojú àti ẹnu ni wọ́n jọ gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí kókó bá hù níbẹ̀, kò sí àyè tí yóò gbà dàgbà àfi kí ó fún àwọn yòókù mọ́ra. Ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́ra: mìlímítà 1 sí 2 lọ́dún ni ó wọ́pọ̀, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dàgbà rárá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí ó bá jáde láti inú ọ̀nà náà tí ó sì tẹ ìdí ọpọlọ lè dí ọ̀nà omi ọpọlọ, èyí sì lè pani.

Lára ọ̀pọ̀ jù lọ, etí kan ṣoṣo ni ó máa ń mú. Àwọn tí ó bá mú etí méjèèjì sábà máa ń ní àrùn àjogúnbá tí a ń pè ní neurofibromatosis type 2.

Bí ó ṣe ń farahàn

Etí kan yóò máa di díẹ̀díẹ̀. Ariwo bí ìró fèrè lè máa dún nínú rẹ̀, òòyì sì lè máa kọ́ni. Àmì kan wà tí ó yẹ kí a fiyè sí ju àwọn yòókù lọ: aláìsàn ń gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò yé e. Ó lè ti gbé fóònù kúrò ní etí òsì sí etí ọ̀tún láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn láìbi ara rẹ̀ ní ìdí. Ní àdúgbò bí Òkè-Ìléwó ní Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìfowópamọ́, ọ́fíìsì àti ọkọ̀ ti pọ̀, ẹni tí ó ń fi etí kan ṣoṣo gbọ́rọ̀ kì í mọ ìhà tí fèrè ọ̀kadà ti ń dún wá. Ọ̀pọ̀ a rò pé ìdọ̀tí etí ni, wọn a máa fi òwú rò ó, wọn a sì máa kán oògùn sí i. Ìwọ̀nyí kò lè dé ibi tí kókó náà wà.

Ìdánwò ìgbọ́ràn fún etí méjèèjì ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìyàtọ̀ bá hàn láàárín wọn láìsí ìdí mìíràn, ẹ̀rọ MRI ni ó ń fi kókó hàn, kódà nígbà tí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ.

Ìtàn rẹ̀

Ní 1895, ọdún tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta, Thomas Annandale yọ irú kókó yìí lára aboyún kan ní Edinburgh, obìnrin náà sì yè. Àwọn bíi rẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà. Ìka ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ayé ìgbà yẹn sábà fi ń fa kókó yọ, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń kú. Harvey Cushing ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí àrùn yìí jáde ní 1917, dín ikú náà kù nípa fífọ inú kókó nìkan, tí ó ń fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín 1960 sí 1969, William House ní Los Angeles mú maikirosikópù wọ inú iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè ti yí padà. Wọn kò béèrè mọ́ bóyá aláìsàn yóò yè. Wọ́n ń béèrè bóyá ojú rẹ̀ kò ní yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti bóyá yóò ṣì máa gbọ́ràn.

Àwọn ọ̀nà tí a ń gbà

Ojú ọgbẹ́ kékeré kò túmọ̀ sí àdánù kékeré. Níhìn-ín ni àṣìṣe ti pọ̀ jù nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọgbẹ́ rẹ̀ kéré jù lọ ni èyí tí ó gba inú ihò etí fúnra rẹ̀ wọlé. Ní nǹkan bí 2012 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ará Ítálì, tí Daniele Marchioni àti Livio Presutti wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Wọ́n ń ti ẹ́ńdósíkóòpù, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti kámẹ́rà, wọ inú ihò etí. Wọ́n á yọ awọ ìlù etí, wọ́n á sì gba inú abala tí ó rí bí ìkarahun ìgbín kọjá dé ọ̀dọ̀ kókó. Kò sí agbárí tí a là, kò sì sí ọpọlọ tí a sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìkarahun náà gan-an ni a fi ń gbọ́ràn. Etí tí a bá gba ibẹ̀ wọ̀ ti di pátápátá nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí etí rẹ̀ ti di tẹ́lẹ̀, tí kókó rẹ̀ sì kéré, ni ọ̀nà yìí tọ́ sí.

Ẹni tí ó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa lè nílò ọ̀nà tí ó tóbi ju èyí lọ. Bí kókó bá kéré tí ó sì wà nínú ọ̀nà tóóró náà, a lè gba òkè etí wọlé. Bí ó bá ti jáde síta, a lè gba ẹ̀yìn etí, nínú ihò eegun tí kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, pẹ̀lú maikirosikópù, kí a sì fi ẹ́ńdósíkóòpù wo kọ̀rọ̀ tí maikirosikópù kò lè rí. Ọ̀nà mìíràn gba inú eegun ẹ̀yìn etí kọjá láàárín etí inú. Ó dára fún kókó ńlá, ṣùgbọ́n òun náà ń gba ìgbọ́ràn lọ. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀rọ kan máa ń ṣọ́ iṣan ojú ní gbogbo àkókò iṣẹ́, kí oníṣẹ́ abẹ lè mọ̀ bí ó bá ti ń sún mọ́ ọn jù.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni abẹ tọ́ sí. A lè máa fi MRI ṣọ́ kókó kékeré. Ìtànṣán gáámà tí Lars Leksell kọ́kọ́ lò fún un ní Stockholm ní 1969 kì í yọ kókó, ó ń dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró. Èyí tí kò tíì tó sẹ̀ǹtímítà 3 ni ó sábà wà fún.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fìdí múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn nígbà tí Látúndé Odéku, ọmọ Awẹ́, padà dé láti Amẹ́ríkà ní 1962. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ìbàdàn kò ju nǹkan bí kìlómítà 80 sí Abẹ́òkúta. Fún ará Òkè-Ìléwó, ìdánwò ìgbọ́ràn kò béèrè ìrìn àjò: ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993. Bí kókó bá wà, oníṣẹ́ abẹ etí àti oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Òòyì máa ń le ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì ń fi ìdárayá ọrùn, ojú àti ẹsẹ̀ kọ́ ọpọlọ láti fi etí kejì dúró. Omi ọpọlọ lè máa jò láti ojú ọgbẹ́ tàbí láti imú. Ọ̀rá tí a bù láti ikùn aláìsàn ni a sábà fi ń dí ihò náà. Bí iṣan ojú bá ti rẹ̀, ẹyinjú ìhà náà kì í pa dé. A gbọ́dọ̀ máa kán oògùn sí i, kí a sì lẹ̀ ẹ́ pa lálẹ́ kí ó má baà gbẹ.