Ta Ni Í Kọ́ Ọ̀gá Ilé-Ìwé? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹgbẹ́ Àwọn Hẹ́dímásítà Ìjẹ̀bú

Iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé tí a ti ń kọ́ ọ. Láti 1896 ni St. Andrew's College ti wà ní Ọ̀yọ́. Wesley College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà sì ní tiwọn ní Ìwó. Ẹni tí ó bá jáde ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ bí a ti ń dúró níwájú àwọn ọmọ, ó sì ti mọ bí a ti ń to ẹ̀kọ́ kan lé èkejì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ lánàá ni a óò kọ ìwé sí lónìí pé ó ti di hẹ́dímásítà. Láti ọjọ́ náà lọ, kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ni ó ń darí. Ó ń darí àwọn àgbà pẹ̀lú, òmíràn nínú wọn sì lè jù ú lọ ní ọjọ́ orí. Ta ni yóò kọ́ ọ?

Ní 1926 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ tuntun fún apá gúúsù Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé a gbọdọ̀ kọ orúkọ olùkọ́ sínú ìwé ìjọba kí ó tó lè kọ́ni, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilé-ìwé láìgba àṣẹ. Nígbà tí alábẹ̀wò bá dé, ta ni yóò bi ní ìbéèrè bí kò ṣe hẹ́dímásítà? Bí àwọn òbí bá bínú, òun ni wọn óò bá wí. Bí mánijà ìjọ bá fẹ́ mọ bí owó ilé-ìwé ti rìn, òun náà ni yóò ránṣẹ́ pè. Ó wá dà bí ata tí ó wà láàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ.

Ní ọdún 1926 yìí kan náà ni àwọn hẹ́dímásítà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Aṣáájú wọn ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ẹni tí ó ti jẹ́ pírínsípà Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School láti 1918. Àwọn olùkọ́ Èkó ti ní ẹgbẹ́ ṣáájú wọn ní 1925, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fi ojú sí. Ẹgbẹ́ Èkó jẹ́ ti gbogbo olùkọ́. Ti Ìjẹ̀bú jẹ́ ti àwọn ọ̀gá nìkan. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní Èkó, ilé-ìwé pọ̀ ní ìtòsí ara wọn. Ní ìlú kéékèèké, hẹ́dímásítà kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà, kò sì sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà náà tí ó lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó dá wà ni ó sì mọ iyì àgbájọ jù lọ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, 1931, ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ni wọ́n so pọ̀ di Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, nínú CMS Grammar School ní Èkó. Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì wà lórí ipò náà títí di 1954. Ní 1943, E. E. Esua di akọ̀wé àgbà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ti ẹgbẹ́ lọ. Àkókò líle ni wọ́n bí ẹgbẹ́ náà sí: ọrọ̀ ajé ayé ti dẹnu kọlẹ̀, ìjọba sì ń gé owó oṣù olùkọ́. Ọ̀ràn owó oṣù ni ó sì gba iwájú, bí ó ti tọ́ kí ó rí. Èrè ńlá ni ìsopọ̀ yìí mú wá fún gbogbo olùkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ bá jókòó nínú ìpàdé kan náà, ọ̀gá kò ní lè dìde kí ó wí pé, ‘Àwọn olùkọ́ mi kò gbọ́ tèmi, kí ni kí n ṣe?’ Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ yàrá tirẹ̀.

Ọdún 1955 ni a rí bí àìní yìí ti tóbi tó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Obafemi Awolowo, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí S. O. Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1952. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 láàárín ọdún kan. Ilé-ìwé titun kò lè wà láìsí ọ̀gá titun. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn wo hẹ́dímásítà tí a rán lọ sí ìlú kan tí ó rí bí Ara, ní ẹ̀bá Ẹdẹ, lọ́dún náà. Àwọn ọmọ kún kíláàsì kìíní dẹ́nu. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Rẹ́jísítà, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àti tábìlì iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun nìkan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ S. A. Banjo jábọ̀ ní 1961, ó wí pé ẹ̀kọ́ ti lọ sílẹ̀, ó sì ka àìtó olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kò bá kọ́ṣẹ́, ta ni ó yẹ kí ó kọ́ ọ lójoojúmọ́ bí kò ṣe ọ̀gá rẹ̀? Bí ọ̀gá náà kò bá sì rí ẹni kọ́ òun, ibo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣètò àti ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Oǹdó ní 1992. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, 2000 ni wọ́n tó ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba fún àwọn aṣáájú ilé-ìwé ní Nottingham. Àwọn hẹ́dímásítà Ìjẹ̀bú kò dúró de ìjọba kankan kí wọ́n tó pe ara wọn jọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì dára, nítorí a ń kọ́ òfin àti ìlànà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ènìyàn ń lò níbẹ̀, ọ̀ràn ilé-ìwé sì ń bẹ lójoojúmọ́. Ẹlẹgbẹ́ ẹni tí ó wà ní ìlú kejì ni a lè tọ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀gá kì í tú àṣírí àìmọ̀ rẹ̀ síta, nítorí ìgbẹ́ kì í rò, ẹni tí a bá sọ ọ́ fún níí ṣe ikú pani. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Nítorí náà ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi gbọdọ̀ jẹ́ ti àwọn ọ̀gá nìkan, láìsí alábẹ̀wò láàárín wọn, kí òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú ìpàdé kò gbọdọ̀ jáde. Bí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ara, Awo, Ìragbèrì àti Ìdó-Ọ̀ṣun bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí a sì fi àgbà kan ti ọ̀gá titun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn fún ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní ná ìjọba ní owó púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àgbà mọ ìtàn, ọ̀gá titun mọ ọ̀nà ìkọ́ni ti òde òní.

Àlùfáà Ransome-Kuti kú ní 1955, ọdún tí àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi. Àwọn hẹ́dímásítà tí ó kó jọ ní 1926 ti fi ọ̀nà hàn. Ó kù sí ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ni lónìí láti rí i pé a kò fi ọ̀gá titun kankan sílẹ̀ ní òun nìkan.