Ihò Omi àti Ihò Èédú: Ìtàn Tí Ó Wà Nínú Òkè Enugu

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òkè tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Enugu rí. Lórí òkè náà, ní Ngwo, igbó igi páìnì kan wà tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń lọ wò, ihò àpáta kan sì wà nínú igbó yìí tí omi ni ó gbẹ́ ẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan náà, ní Iva Valley àti agbègbè rẹ̀, àwọn ihò mìíràn wà tí ènìyàn gbẹ́ láti wa èédú ilẹ̀, ìyẹn kóòlù. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ihò èédú kì í ṣe ohun ìwòran lásán: agbára àti ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1949 kan gbogbo Nàìjíríà.

Igbó Páìnì àti Ihò Omi

Igi páìnì kì í ṣe igi ilẹ̀ Ìgbò láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbígbìn ni wọ́n gbìn ín. Àwọn igi náà dúró gbọnrangandan, ewé wọn tí ó rí bí abẹ́rẹ́ sì tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní. Láti inú igbó yìí, àlejò yóò sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí yóò fi dé ibi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn. Nínú omi yìí ni yóò ti rìn wọ inú ihò. Òrùlé ihò náà lu sí ojú ọ̀run níbì kan. Ibẹ̀ ni omi ti ń já bọ́, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń bá a wọlé. Omi ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, díẹ̀díẹ̀, láìsí ọ̀gá, láìsí owó ọ̀yà.

Bí Ihò Èédú Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 1909 ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn rí èédú ní agbègbè Udi. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Ogbete. Ti Iva Valley tẹ̀ lé e ní 1917. Láàárín méjèèjì, ní 1916, ojú irin láti Port Harcourt dé Enugu. Èédú yìí ni ó sọ Enugu di ìlú. Orí òkè ni orúkọ náà túmọ̀ sí lédè Ìgbò, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà tẹ̀dó sí.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú tí rélùwéè ń lò wọ Nàìjíríà. Nígbà tí ti Enugu dé, òun ni wọ́n ń dá sínú iná ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá, òun náà ni wọ́n sì ń lò ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ìjọ́rà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1923. Òógùn àwọn awakùsà Enugu tipa bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá.

Wọn kì í gbẹ́ ihò Enugu lọ sísàlẹ̀ bí kànga. Láti ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti ń wọlé tààrà, ìdí sì nìyí tí ẹnu rẹ̀ fi jọ ẹnu ihò àpáta. Àwọn kan ń fi díígà gé èédú, àwọn kan ń ti ọmọlanke onírin lórí ojú irin, àwọn mìíràn ń fi igi gbé òrùlé dúró kí ilẹ̀ má baà wó lù wọ́n. Ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀. Àwọn olóyè tí ìjọba fi jẹ, bí Onyeama ti ìlú Eke, sì ń kó ènìyàn wá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ inú ihò náà nígbà náà ni ó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Kejìdínlógún Oṣù Kọkànlá, 1949

Ní oṣù Kọkànlá 1949, àwọn awakùsà ń béèrè owó tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti san fún wọn. Wọn kò yanṣẹ́ lódì. Wọ́n kàn dẹwọ́ iṣẹ́ ni. Welu nwayo ni wọ́n pè é lédè Ìgbò, ìyẹn ni pé kí oníkálukú rọra máa ṣe é. Àwọn aláṣẹ lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù tún ń ba ìjọba pé ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà wọ́n rán ọlọ́pàá láti lọ kó o kúrò.

Ní Iva Valley, àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ ara. Wọn kò mú ìbọn lọ́wọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá F. S. Philip pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú. 51 fara gbọgbẹ́.

Ìròyìn náà tàn bí iná ọyẹ́. Ìdàrúdàpọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Aba, Onitsha àti Port Harcourt. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí wọn kì í fi ojú rere wo ara wọn tẹ́lẹ̀ para pọ̀ dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì sílẹ̀, Dókítà Akinọla Maja sì ni alága rẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ William Fitzgerald. Adetokunbo Ademọla, tí ó di adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní 1958, wà lára wọn. Àbọ̀ ìwádìí náà, tí ó jáde ní 1950, dá ìjọba lẹ́bi pé ó sọ ọ̀rọ̀ owó òṣìṣẹ́ di ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ òṣèlú. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìyà tí ó jẹ ará Enugu kan ará Èkó.

Ohun Tí Ó Kù

Nígbà tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ tí ń mu epo dísù, ọjà èédú bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ti àwọn ihò náà pa. Wọ́n tún wọn ṣí lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò padà sí bí ó ti wà. Lónìí, omi pupa olóró ń ṣàn jáde láti inú wọn sínú odò. Igi tí ó gbé òrùlé dúró ti ń jẹrà, afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ sì léwu. Ẹnu ihò ni ó yẹ kí àlejò dúró sí.

Ìkádìí

Ó hàn gbangba pé òkè kan ni, ṣùgbọ́n ìtàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ihò omi yóò wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Ti èédú kò rí bẹ́ẹ̀: òrùlé ń wó, igbó ń bo ẹnu rẹ̀, àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń kú lọ pẹ̀lú orin àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Ojúṣe àwọn onímọ̀ èdè àti ìtàn ni láti gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí yóò sọ ọ́ ṣì wà. Ó sì yẹ kí ẹni tí ń mú àlejò lọ wo igbó Ngwo mú wọn dé Iva Valley pẹ̀lú, kí ó sì sọ fún wọn ohun tí ó pa ènìyàn 21 níbẹ̀.